Bátìrì iPhone 11 tòkunbọ̀ mi kò gbé iná dúró mọ́: ẹnjiníà méjì, owó méjì tó jìnnà síra

Arẹwà_Aránṣọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Lọ́dún tó kọjá ni mo ra iPhone 11 tòkunbọ̀ kan níbí ní Ìbàdàn. Ara rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kò sán, kámẹ́rà rẹ̀ sì dára gan-an. Òun ni mo fi ń ya àwọn aṣọ tí mo bá rán, òun náà ni àwọn oníbàárà fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bátìrì rẹ̀ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá yọ ọ́ lórí iná láàárọ̀ tó kún dẹ́nu, kó tó di ọ̀sán ó ti wálẹ̀ sí 30%. Èyí tó burú jù ni pé ó máa ń kú lójijì nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Mo lè wà ní 28%, kí n ṣí kámẹ́rà báyìí, ó ti kú nìyẹn. Bí mo bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, á tàn padà, á sì tún kọ 27% sí mi lójú.

Mo wo Battery Health nínú Settings, 79% ni mo bá níbẹ̀, ó sì kọ Service sí i. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà méjì ní Queen Cinema. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà, ẹnì kejì ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Àwọn méjèèjì ló búra pé ojúlówó ni tàwọn. Báwo ni owó ojúlówó ṣe máa jìnnà síra tó báyìí? Ṣé kí n pààrọ̀ bátìrì náà ni, àbí kí n kúkú ta fóònù, kí n fowó lé e ra òmíràn?

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀jà:
Ẹ tà á, àǹtí. Fóònù tí wọ́n bá ti tú inú rẹ̀ wò, kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Àbúrò mi, mi ò gbà pẹ̀lú rẹ lórí èyí. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹni tó bá ta iPhone 11 tó mọ́ nítorí bátìrì, tó wá fowó lé e ra tòkunbọ̀ mìíràn, bátìrì gbígbó mìíràn ló lọ fowó rà. Ọdún 2019 ni iPhone 11 jáde. Èyí tí bátìrì àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀, kò sí bí bátìrì ọ̀hún ò ṣe ní ti lo ara rẹ̀ tán.

Àǹtí Aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń kú ní 28%, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, àwọn ẹnjiníà kan á sì gba owó bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn. Bátìrì lithium tó ti gbó ní àìsàn méjì. Ìkíní, kò lè gba iná tó bó ṣe ń gbà tẹ́lẹ̀. Bátìrì iPhone 11 tuntun ń gba 3,110 mAh (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà nìyẹn); 79% rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,450. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè tán. Ìkejì ni àwọn ènìyàn kì í mọ̀: iná tó wà nínú rẹ̀ kò lè jáde kíákíá mọ́. Ó dà bí agbè tí ẹnu rẹ̀ ti dí. Omi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní tú jáde. Kámẹ́rà, ìpè fídíò, géèmù, iná ìléwọ́, gbogbo ìwọ̀nyí ń béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá béèrè, fólítéèjì bátìrì á já wálẹ̀, á bọ́ sí abẹ́ ibi tí fóònù lè ṣiṣẹ́ dé, fóònù á sì pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, fólítéèjì á gòkè padà, 27% yín á sì tún yọ. Kò sí ohun tó ṣe bọ́ọ̀dù yín o. Ẹ pààrọ̀ bátìrì.

Ní ti owó méjì yẹn, ó jẹ́ pé bátìrì mẹ́rin ló wà lọ́jà tí gbogbo wọn ń jẹ́ ojúlówó lẹ́nu olùtajà:

Àkọ́kọ́ ni èyí tí Apple fúnra wọn fi ń ṣe àtúnṣe. Ẹ kì í sábà rí i lórí àtẹ. Apple kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó fún ní àṣẹ ló ń bá a ṣiṣẹ́ níbí, iye wọn sì ju èyí tí ẹ dárúkọ wọ̀nyẹn lọ.

Ìkejì ni bátìrì tí wọ́n yọ lára iPhone 11 mìíràn tó ti fọ́ tàbí tó ti bọ́ sómi. Apple ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbó tẹ́lẹ̀. Bí ti yín ṣe wà ní 79% yìí, òmíràn lè wà ní 84%. Ẹ má ra èyí rárá, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Bátìrì tó ti bọ́ sómi tún léwu.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Ṣáínà ṣe dáadáa, tí wọ́n kọ orúkọ tiwọn sára rẹ̀ láìfi bò, tó gba iye iná tí wọ́n kọ, tó sì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń dí i lọ́wọ́ kó má gba iná ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ni mo máa ń dábàá fún àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀kẹrin ni gbàrọ̀gùdù. Wọ́n á ya àmì Apple sí i lára, wọ́n á kọ 3,110 sí i, àmọ́ bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju ojúlówó lọ lọ́wọ́. Ẹ wo èyí dáadáa: bátìrì tí wọ́n ya àmì Apple sí lára tí wọ́n sì ń tà lówó pọ́ọ́kú, ayédèrú ni. Bátìrì ẹlòmíràn tó sọ pé ẹlòmíràn lòun sàn ju bátìrì tó ń purọ́ lọ.

Mi ò lè jókòó sí Ìkẹjà kí n mọ èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tí ẹ lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ tó wà lára bátìrì náà, kí ẹ sì fojú ara yín rí i kí wọ́n tó kó irinṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:
Bọ̀ọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ ṣé púpọ̀. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì iPhone XR àbúrò mi, láti ìgbà náà ni fóònù ti ń kọ ọ́ pé òun kò lè mọ̀ bóyá bátìrì Apple ni. Battery Health náà kò fi nọ́ńbà hàn mọ́. Ṣé kò ní ba fóònù jẹ́?

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Kò ní bà á jẹ́, màmá. Láti orí XR, XS àti XS Max lọ sókè ni Apple ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì kọ̀ọ̀kan ní pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan lórí, nọ́ńbà bátìrì wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀dù fóònù sì mọ nọ́ńbà tirẹ̀. Bí òmíràn bá wọlé, fóònù á kígbe. Ìkìlọ̀ yẹn á wà lójú fóònù fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á sún lọ sínú Settings, á wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò ní dín eré fóònù kù.

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀jà:
Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Fóònù ni mò ń tà. Bí oníbàárà bá ṣí About nínú Settings tó rí Unknown Part níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí fóònù kò dá mọ̀, owó máa já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ló fi jẹ́ pé àwọn kan ń gbé pátákó bátìrì àtijọ́ sórí bátìrì tuntun kí ìkìlọ̀ náà má bàa yọ.

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Òótọ́ lo sọ nípa ti owó, mo gbà fún ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn parí. Láti gbé pátákó yẹn, wọ́n máa gé e kúrò lára bátìrì àtijọ́, wọ́n á sì jó o mọ́ orí tuntun. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìjórin kékeré tó yẹ, tó sì mọwọ́ rẹ̀, á ṣe é láìséwu. Ẹni tó bá ń fi iná ìjólẹ́ẹ̀dì jó o tààrà sórí bátìrì, ooru ló ń rán wọnú ohun tó lè gbiná. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, pátákó àtijọ́ á ṣì máa sọ pé 79% lòun, nítorí náà wọ́n á tún fi ẹ̀rọ mìíràn kọ 100% sínú rẹ̀. Ẹ wá rí i pé nọ́ńbà tí gbogbo wa ń wò nígbà tí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ènìyàn kan lè jókòó sídìí tábìlì kó kọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti kọ "UK used, 100% battery health" sára fóònù ọdún 2019. Ibo ni fóònù náà wà láti ìgbà náà? Nínú àpótí? Ẹ má fi 100% ra fóònù. Ẹ ṣí kámẹ́rà níwájú olùtajà, ẹ ká fídíò fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ dé òkè. Iná bátìrì tó bá ti gbó á já wálẹ̀ níwájú yín, tàbí kí ẹ̀yìn fóònù gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é nígbà tí iná rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 40%, nítorí níbẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti ń hàn. Olùtajà tó bá kọ̀ kí ẹ dán an wò bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Arẹwà_Aránṣọ:
Ha! Èyí tó wà níbi kámẹ́rà yẹn gan-an ló ń ṣe mí. Bọ̀ọ̀dá Ẹnjiníà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Mo ṣí General, mo wọ About. Mi ò rí Unknown Part, mi ò sì rí ohunkóhun nípa pé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan.

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Bí sọ́fítíwíà yín bá jẹ́ 15.2 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sí Parts and Service History níbẹ̀, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé bátìrì tó bá a jáde ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kó fi 3uTools, sọ́fítíwíà kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ inú iPhone wò, wò ó. Ó máa sọ iye ṣáàjì kíkún tí bátìrì ti jẹ, á sì fi nọ́ńbà àwọn ẹ̀yà ara wé ti ìgbà tí fóònù jáde.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un lórí ọ̀rọ̀ iye ṣáàjì yìí. Ṣáàjì kíkún kan kì í ṣe iye ìgbà tí a ki ṣájà bọ fóònù. Bí a bá lo 50% lónìí tí a fi iná sí i, tí a tún lo 50% lọ́la, ẹyọ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì gba 80% lẹ́yìn ṣáàjì kíkún 500, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Láti orí iPhone 15, ó di 1,000. Nítorí náà 79% tí àǹtí wa ní kì í ṣe àbùkù. Bátìrì náà ti sin àsìnpé, ó sì kù sọ́wọ́ wa láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń pa bátìrì ṣáájú àkókò nílẹ̀ wa níbí ni ooru. Mo ń rí àwọn tó ń fi fóònù sí iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, àwọn tó ń ki i sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó ń gba iná, àwọn tó ń gbá géèmù lórí ṣájà. Fóònù tó bá ń gbóná nígbà tó kún dẹ́nu ló ń jìyà jù, nítorí àwọn èròjà inú bátìrì ń yára bàjẹ́ nígbà tí fólítéèjì àti ooru bá ga pọ̀. Ẹ bọ́ ike ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò bí ẹ bá ń ṣáàjì lọ́sàn-án. Ẹ má jẹ́ kó máa kú pátápátá kí ẹ tó fi sórí iná.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ fi bátìrì tuntun sórí iná fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó lò ó, kí ẹ má ṣe wàhálà. Ìmọ̀ràn bátìrì nickel ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ti lithium kò nílò rẹ̀.

Bàbá_Kútọ̀:
Mo kí gbogbo yín. Tíṣà, o rán mi létí. Nígbà Nokia, ta ló ń wá ẹnjiníà nítorí bátìrì? Èékánná lásán la fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù. Bátìrì BL-5C kan náà ló ń wọ fóònù oríṣiríṣi, ẹnikẹ́ni á rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á fi sínú fóònù, ó parí. Kódà ní 2007, tí Nokia kéde pé mílíọ̀nù mẹ́rìndínláàádọ́ta BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita bá wọn ṣe lè gbóná jù, wọ́n ní kí ènìyàn yọ bátìrì wò, kó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kó sì gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe torí pé bátìrì ọ̀hún ń ṣí. Kí ló dé tí wọ́n fi wá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fóònù báyìí? Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó máa gbó ni wọ́n tì mọ́lé. Ó ń dùn mí o.

Ọmọ_Peckham:
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ẹ sọ yìí ni àwọn ará Yúróòpù náà sọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ dòfin. Láti oṣù Kẹfà 2025, fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní bátìrì tó ṣì máa gba 80% ó kéré tán lẹ́yìn ṣáàjì kíkún 800. Òfin bátìrì wọn tún máa mú un ní dandan láti oṣù Kejì 2027 pé kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá lágbára gan-an tí omi kò sì lè wọ̀ ọ́. Ìlú Ọba tí mo wà yìí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n fóònù kan náà ni wọ́n ń kó wá síbí. Àwọn fóònù ìsinsìnyí ló máa di tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ènìyàn níbí, ẹ lò wọ́n dáadáa. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ fi fóònù rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ kó tó fi ránṣẹ́. Fóònù náà á sọ nínú About pé ojúlówó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ bátìrì lásán lẹ fẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé bọ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kó sì bo ibi tí iná ń gbà jáde. Wọn kì í gba bátìrì lithium lásán nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Kì í ṣe ìwà rere ló mú Apple fi Battery Health sínú fóònù. Ní oṣù Kejìlá 2017 ni wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ń fi sọ́fítíwíà dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má bàa máa kú lójijì bíi ti àǹtí wa yìí. Inú bí àwọn ènìyàn nítorí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo 2018, wọ́n dín owó bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29 ní Amẹ́ríkà, Battery Health sì dé pẹ̀lú iOS 11.3 ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fẹ́ ra fóònù tuntun kí wọ́n tó mọ̀ pé bátìrì lásán ni.

Adé_Galaxy:
Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ rántí wa o. Samsung S10 tòkunbọ̀ ni tèmi. Bátìrì rẹ̀ ti wú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo lè máa lò ó títí di ìparí oṣù tí owó á fi wọlé?

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Adé, má lò ó mọ́. Má fi sórí iná mọ́ láti ìsinsìnyí. Bí iná bá ṣì wà nínú rẹ̀, kó fọ́tò àti nọ́ńbà rẹ jáde, kí o pa á. Gáàsì ló mú un wú. Èròjà inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Má fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ padà kó lè wọlé, má sì fi abẹ́rẹ́ gún un kí gáàsì lè jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kan inú rẹ̀ ó lè gbiná lọ́wọ́ rẹ. Gbé e lọ bá ẹnjiníà lónìí, kódà bí owó kò bá tíì pé, kó kàn bá ọ yọ bátìrì kúrò.

Samsung le ju iPhone lọ láti ṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gíláàsì ni, wọ́n á fi ooru rọ gọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó ṣí, bátìrì gan-an sì tún lẹ̀ mọ́ inú pinpin. Ọwọ́ tó ń kánjú ló ń fọ́ gíláàsì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin gbé bátìrì náà, gba fóònù rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ike pẹlẹbẹ àti ọtí ìfọbọ́ọ̀dù díẹ̀ tó ń tú gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú:
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ẹnjiníà ń dẹ́rù bà wá. Ní 2016, bátìrì Note 7 ń gbiná títí Samsung fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Tuntun ni ìwọ̀nyẹn o.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:
Kí àǹtí wa tó gbé fóònù rẹ̀ lọ, mo fẹ́ sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ẹ yọ SIM yín kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà báǹkì yín ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní SIM yín fún wákàtí kan péré lè gba kóòdù, kó sì wọnú owó yín. Ẹ kó fọ́tò àwọn oníbàárà yín síbòmíràn kẹ́ ẹ tó lọ. Kò sídìí tí ẹnjiníà fi nílò ọ̀rọ̀ aṣínà yín láti pààrọ̀ bátìrì. Ẹ jókòó tì í, bó bá ṣe tán, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ sì dán an wò.

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, màmá. Ẹnjiníà gidi kò ní bínú bí ẹ bá jókòó. Bátìrì iPhone 11 kì í gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àǹtí Aránṣọ, ohun tí ẹ máa ṣọ́ rèé. Ẹ jẹ́ kí iná inú fóònù wà nísàlẹ̀ 25% kí ẹ tó gbé e lọ, nítorí bí nǹkan bá ṣèèṣì gún bátìrì tó kún, iná rẹ̀ máa ń burú ju ti èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ. Ó máa tú sukúrù kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ṣájà, ó máa fi ooru rọ gọ́ọ̀mù etí ojú fóònù, ó máa ṣí i bí ìwé sí apá ọ̀tún. Bó bá gbé ojú fóònù náà sókè kíá, wáyà á já, ẹ ó sì pàdánù ju bátìrì lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ já nínú fóònù ni okùn bátìrì, kó tó kan ohun mìíràn. Kó to àwọn sukúrù rẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Gígùn wọn kò dọ́gba, èyí tó gùn bí ó bá wọ ihò kúkúrú lè lu bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ bátìrì ni àwọn ọ̀já àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń fà jáde díẹ̀díẹ̀ wà. Bí wọ́n bá já, sùúrù ló kù.

Kó tó pa á dé, kó kọ́kọ́ so bátìrì tuntun pọ̀, kó tan fóònù, kí ẹ dán ojú rẹ̀, ìpè, kámẹ́rà àti Face ID wò. Kó fi àlẹ̀mọ́ tuntun sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. IP68 tó bá a jáde, ìyẹn àmì pé omi kò lè tètè wọ̀ ọ́, kò sí mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí pé ó ṣì wà kò rí ẹ̀rọ tó fi dán an wò.

Ẹ gba ìwé owó, kí wọ́n kọ orúkọ bátìrì àti ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí wọ́n fi ṣe onídùúró rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá béèrè fún èyí ni ẹ máa mọ ẹni tó gbà gbọ́ nínú ọjà rẹ̀.

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀jà:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Láti òní, bí mo bá ta èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, màá sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó, màá sì fi orúkọ bátìrì náà hàn án. Fún àwọn tó ń lo Tecno, Infinix tàbí itel, ẹ má lọ bá onígbàrọ̀gùdù. Carlcare ló ń tún wọn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wo Pixel 6a tòkunbọ̀, ẹ mọ̀ pé Google ti fi sọ́fítíwíà kan ránṣẹ́ ní 2025 tó ń dín iná tí bátìrì rẹ̀ ń gbà kù bó bá ti kọjá ṣáàjì kíkún 400, torí kó má bàa gbóná jù. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Arẹwà_Aránṣọ:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo padà lọ bá àwọn méjèèjì. Oní-ẹgbẹ̀rún-méjìlá kò fẹ́ kí n rí bátìrì rẹ̀ kó tó ṣí fóònù, ó ní ó wà nílé ìkẹ́rù. Ẹnì kejì gbé tirẹ̀ jáde nínú páálí, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà lára rẹ̀. Ó wá sọ fún mi lójúkojú pé kì í ṣe ti Apple, pé ojúlówó tí òun ń pè é ni pé iye iná tí wọ́n kọ sí i ló ń gbà. Ó kọ oṣù mẹ́fà sí ìwé owó fún mi, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí. Ìkìlọ̀ yọ lóòótọ́ bí Bọ̀ọ̀dá ṣe wí. Mo ká fídíò aṣọ ìyàwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tó wà ní 20%, kò kú.

Ó kó bátìrì àtijọ́ fún mi pé tèmi ni. Mo fi sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé kí n jù ú sáàtàn ni?

Ẹnjiníà_Òtìgbà:
Mo bá yín yọ̀, àǹtí mi. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú dúrọ́ọ̀ náà kíá. Abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, bí wọ́n bá gún un lára, aṣọ àwọn oníbàárà ló wà nítòsí. Ẹ má jù ú sáàtàn, wọ́n máa ń dáná sun àátàn. Ẹ fi téèpù ike bo ẹnu okùn rẹ̀, ẹ gbé e sínú agolo wàrà tó gbẹ, ẹ da yanrìn gbígbẹ lé e lórí, kó wà níta ilé níbi tí oòrùn àti ọmọdé kò ti lè dé. Ẹ wá dá a padà fún ẹnjiníà yẹn bí ẹ bá ń lọ sí Queen Cinema. Kó pa á mọ́ àwọn yòókù tó bá ní lọ́wọ́. Àwọn tó ń tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀ ní Èkó ń gbà wọ́n bí wọ́n bá pọ̀.